Ọkọ̀ Kò Mọ Ẹni Tó Ń Gba Owó Ìtanràn

Awakọ̀ márosẹ̀ tó bá gbé ọkọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù mi n'Íbàdàn, mo sábà máa ń mọ ohun tó fẹ́ sọ kó tó pa ẹ́ńjìnnì. Á wo ọ̀tún wo òsì bí ẹni tó fẹ́ ra igbó, á fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á wá ní: "Bàbá, ẹ bá mi já límítà yẹn dànù. Owó lásán làwọn Road Safety ń fi í wá."

Láti 2016 ni àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fipá mú àwọn ọkọ̀ akérò pé kí wọ́n máa lo límítà, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ sáré kọjá iye kan. Láti ìgbà náà ni mo ti ń dè é mọ́ ọkọ̀, láti ìgbà náà sì ni wọ́n ti ń bẹ̀ mí pé kí n tú u. Ó ti sú mi. Ẹ jẹ́ kí n dá gbogbo yín lóhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n lè ráyè gbájú mọ́ iṣẹ́ mi.

Réwáyà ni mí. Mi ò sọ pé irú èyí tó ń fi eyín họ wáyà lábẹ́ igi o. Mo kọ́ṣẹ́, mo gba fírídọ̀mù, mo sì tún fi owó ara mi kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ka ọpọlọ ọkọ̀, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń sọ pé mò ń fowó ṣòfò. Ọkọ̀ tó bá dá wọn lágara lónìí, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń wọ́ ọ wá.

Ká ti orí owó bẹ̀rẹ̀, òun náà lẹ kúkú fẹ́ gbọ́. ₦3,000 ni owó ìtanràn eré àsápajúdé tó wà nínú ìwé FRSC láti ohun tó lé lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ní 2012, nígbà tí lítà epo bẹntiróòlù kan jẹ́ ₦97, ₦3,000 á ra epo tó lé ní 30 lítà. Lónìí, kò lè ra lítà márùn-ún. Ìjọba tó bá gbójú lé irú owó yẹn láti fi jẹun, ebi ni yóò pa á. Báńkì lẹ sì ń san án sí, àpò ìjọba àpapọ̀ ló ń lọ. Owó tí àgbèrò ń gbà lọ́wọ́ yín ní gáréèjì ńkọ́? Ojoojúmọ́ ni, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú yín tó tíì wá bẹ̀ mí pé kí n bá òun já àgbèrò.

Ẹni tó bá nawọ́ gbowó lọ́wọ́ yín lẹ́bàá ọ̀nà, tí kò fún yín níwèé, olè ni. Ẹ pè é lólè, ẹ má pè é lófin. Ìpínlẹ̀ Èkó ti gbé kámẹ́rà tó ń wọn eré sí ọ̀nà Alápẹ̀rẹ̀ àti ìhà afárá Otedola, mo sì ń gbọ́ tí àwọn oníbàárà mi ń ṣépè fún un. Èmi fẹ́ràn rẹ̀. Kámẹ́rà kì í béèrè owó ọtí.

Ibi tí mo ti fara mọ́ yín wà o. Àwọn kan ń ta ìwé ẹ̀rí límítà fún ọkọ̀ tí kò ní límítà lára. Awakọ̀ á sanwó, wọ́n á fún un níwèé, kò sẹ́ni tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Òṣìṣẹ́ tó bá dá a dúró lójú ọ̀nà á wo ìwé, á ní kó máa lọ. Èyí yẹn, owó ni látòkè délẹ̀. Ìwé tí ẹ tò síwájú ọkọ̀ kò lè dín eré ohunkóhun kù. Mo tún fara mọ́ yín lórí ẹni tó gbé ẹ̀rọ pamọ́ sẹ́yìn igbó, níbi tí kò sí àmì kankan tó sọ iye tó yẹ ká sá. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ rọra, á jẹ́ kí ẹ rí òun láti òkèèrè.

Wọ́n ti ja irú ìjà yìí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó tó kàn wá. Láti 2000 títí di 2007, àwọn tó ń bójú tó kámẹ́rà ń yọ owó iṣẹ́ wọn lára owó ìtanràn. Ariwo sọ, wọ́n ní oúnjẹ ni wọ́n ń wá. Wọ́n kun àwọn kámẹ́rà ní àwọ̀ yẹ́lò kí ojú gbogbo ayé lè rí i, ní 2007 wọ́n sì gé okùn tó so owó méjèèjì pọ̀: owó ìtanràn ń lọ sápò ìjọba, owó ààbò ojú pópó ń gba ibòmíràn wá. Kámẹ́rà kò tìtorí ìyẹn kúrò nílẹ̀. Àbúrò mi tó ń wakọ̀ ní London ṣì ń bú u fún mi lórí fóònù. Àmọ́ £100 kọ́ ló ń já a láyà. Máàkì mẹ́ta tí wọ́n ń kọ sára láísẹ́ńsì rẹ̀ ni, torí bí máàkì bá pé 12 láàárín ọdún mẹ́ta, ilé-ẹjọ́ lè ní kó má wakọ̀ mọ́. FRSC náà ní máàkì nínú ìwé tiwọn. Ká ní wọ́n ń fi ọwọ́ líle gba láísẹ́ńsì ni, ta ni ìbá wá bá mi sọ̀rọ̀ límítà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ẹnì kan jókòó sí Abújà, ó dá òfin eré sílẹ̀ kó lè gbowó, ẹ lọ bi àwọn àgbà tó kàwé n'Ífẹ̀ láyé ọjọ́un. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ń pa akẹ́kọ̀ọ́, ó ń pa olùkọ́, títí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fi dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1977, tí Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ aṣáájú rẹ̀. Wọ́n tú u ká ní 1983. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ wá dá FRSC sílẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1988, Ṣóyínká náà ló kọ́kọ́ ṣe alága. Òkú ló bí àjọ yẹn, owó kọ́.

Bẹ́ẹ̀ gbogbo èyí kò tó nǹkan lójú tèmi. Bíréèkì ni ká sọ. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, torí ibí ni mo ti máa ń bínú.

Ẹ mú ọkọ̀ méjì tó bára dọ́gba, táyà kan náà, bíréèkì kan náà, ọ̀nà gbẹ, ọ̀dà dára. Ọ̀kan ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí, èkejì ń sá 120. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bára wọn dọ́gba lójú ọ̀nà ni ewúrẹ́ já síwájú. Àwọn awakọ̀ méjèèjì á lo bíi ìṣẹ́jú àáyá kan kí ojú tó rí i, kí ọpọlọ tó rán ẹsẹ̀ níṣẹ́. Nínú àáyá kan yẹn, ọkọ̀ tó ń sá 80 ti lọ mítà 22, èyí tó ń sá 120 ti lọ mítà 33, bẹ́ẹ̀ kò tíì sẹ́ni tó fẹsẹ̀ kan bíréèkì. Wọ́n wá tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ tó ń sá 80 á lo bíi mítà 35 sí i kó tó dúró. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 57.

Níbi mítà 57 yẹn gan-an, níbi tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti dúró jẹ́ẹ́, eré mélòó lẹ rò pé ó kù lára èkejì? Mo ti bi awakọ̀ púpọ̀. Èyí tó gbọ́n jù nínú wọn á ní 40, torí 120 yọ 80, ó ku 40. Rárá o. 100 ló kù! Ọkọ̀ kan ti dúró, ewúrẹ́ ti kọjá, awakọ̀ rẹ̀ ti ń ṣépè fún ẹni tó ni ewúrẹ́, èkejì ṣì ń já bọ̀ ní 100 kìlómítà ní wákàtí. Nǹkan bíi mítà 112 ló máa lò kó tó dúró, bí nǹkan kan kò bá dá a dúró ṣáájú.

Ìdí rẹ̀ ni pé agbára tó wà lára ọkọ̀ kì í bá eré pọ̀ ní ọgbọọgba. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára di ìlọ́po mẹ́rin. Bí eré bá di ìlọ́po mẹ́ta, agbára di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Gbogbo agbára yẹn ni bíréèkì gbọ́dọ̀ sọ di ooru, irin kékeré bíi mélòó kan nínú táyà ló sì ń ṣe é. Ọkọ̀ tó dára, tí èèyàn kò pọ̀ nínú rẹ̀, ni mo fi ṣírò o. Ẹ wá kó èrò 18 sínú bọ́ọ̀sì, ẹ di àpò gàrí sórí rẹ̀, ẹ fi páàdì ayédèrú sí i, ẹ jẹ́ kí omi bíréèkì pẹ́ nínú rẹ̀ títí omi lásán fi wọ inú rẹ̀, tí yóò máa hó bí ooru bá ti mú un. Ẹ ó tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ yín á lọ kan ilẹ̀ ọkọ̀. Ìyẹn ni ẹ máa ń pè ní "bíréèkì já." Bíréèkì kò já. Ẹ̀yin lẹ bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ tó ju agbára rẹ̀ lọ.

Kódà kí gbogbo òṣìṣẹ́ FRSC di olè lálẹ́ òní, kí wọ́n fi owó ìtanràn yín kọ́lé sí Dubai, mítà 57 kò ní torí ẹ̀ di 56. Ohun tí mo ń wí láti àárọ̀ nìyẹn.

Àwọn tó ń kó ìwádìí jọ, tí wọ́n ń pè ní Cochrane, ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò ní 2010. Níbi tí wọ́n gbé kámẹ́rà sí, ìjàmbá dín kù, ibi tó kéré jù ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, ibi tó pọ̀ jù ìdá 49. Àjọ ìlera àgbáyé náà sọ pé bí eré bá fi ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, ewu ìjàmbá tó ń pani á fi ìdá mẹ́rin lé sí i. Kí wá ni èrè eré náà? Ẹ jẹ́ ká ní Ìbàdàn sí Èkó jẹ́ kìlómítà 120. Bí ẹ bá ń sá 100, ìṣẹ́jú 72. Bí ẹ bá ń sá 120, ìṣẹ́jú 60. Ìṣẹ́jú 12 lẹ jèrè, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Berger á sì gbà á padà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Òfin gan-an kò há mọ́ yín: 100 fún ọkọ̀ àdáni lórí márosẹ̀, 90 fún bọ́ọ̀sì akérò.

Àwọn tó ń já límítà fún yín, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń já. Ẹ̀rọ náà jókòó sáàárín ibi tí ẹ ti ń fẹsẹ̀ tẹ iná kí ọkọ̀ lè sáré àti ọpọlọ ọkọ̀. Bí eré bá ti dé iye tí a fi sí i, ẹ tẹ iná títí, ọkọ̀ kò ní sáré kọjá bẹ́ẹ̀. Wọ́n á gé wáyà, wọ́n á lọ́ ọ pọ̀, wọ́n á fi téèpù dúdú wé e, ọpọlọ ọkọ̀ á dàrú, iná ẹ́ńjìnnì á tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá padà lọ fẹjọ́ sùn, wọ́n á tú gílóòbù iná yẹn náà dànù, wọ́n á ní ó ti bọ̀ sípò. Iṣẹ́ tí wọ́n ń fi orúkọ wa ṣe nìyẹn.

Oògùn ojú ọ̀nà kò wá ṣeé kà tán. Iṣẹ́ irin ni mò ń ṣe, mo bọ̀wọ̀ fún Ògún. Ṣùgbọ́n ońdè tí ẹ so mọ́ sítíárìn àti òróró tí wòlíì ta sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, èwo nínú wọn ló ń tẹ bíréèkì?

Ọkùnrin kan wá bá mi pé kí n fi súwíìṣì sábẹ́ sítíárìn bọ́ọ̀sì òun, kí òun lè máa pa límítà nígbà tó bá wu òun, kí òun sì tàn án bí òun bá ti rí àwọn ẹ̀ṣọ́ níwájú. Mo lé e jáde. Ó lọ bá ọmọkùnrin kan nísàlẹ̀ àdúgbò, ìyẹn ṣe é fún un. Kò pẹ́ sígbà náà, lóru, lẹ́yìn Ògèrè, ó wọ abẹ́ àjàgbé kan tó kú sójú ọ̀nà. Òun àti èrò tó jókòó níwájú kò jáde láàyè. Àjàgbé náà kò tan iná kankan, ẹjọ́ tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, mi ò sì lè búra pé 90 ìbá gbà wọ́n là. Àmọ́ nígbà tí àwọn ẹbí ní kí n wá wo ohun tó ṣeé tà lára ọkọ̀, mo ṣí abẹ́ sítíárìn, mo bá súwíìṣì náà níbẹ̀. Wọ́n ti pa á.

Kí n tó débẹ̀, wòlíì kan ti ríran fún wọn. Ó ní àbúrò bàbá olóògbé ló wà nídìí ikú náà, ìyá àgbàlagbà kan, opó, tó ń ta ẹ̀kọ. Wọ́n ti kó ẹrù ìyá náà síta. Mo yọ súwíìṣì, mo mú un lọ bá wọn, mo ṣàlàyé gbogbo ohun tí mo ṣàlàyé fún yín yìí, mítà mítà. Wọ́n gbọ́ mi dópin. Ẹ̀gbọ́n olóògbé gba súwíìṣì lọ́wọ́ mi, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní: "Bàbá Réwáyà, ẹ ṣeun gan-an. Ṣùgbọ́n ta ló fi sí i lọ́kàn pé kó lọ de irú nǹkan báyìí mọ́ ọkọ̀? Ìyá yẹn náà ni."

Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Àpáta ni ìyá náà ń gbé báyìí.

Ẹni tó bá fẹ́ kí n yẹ bíréèkì òun wò, kó gbé ọkọ̀ wá láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹni tó bá fẹ́ súwíìṣì, ọmọkùnrin yẹn ṣì wà nísàlẹ̀ àdúgbò. Ó ti gba ọmọ iṣẹ́ méjì sí i.