Ìbéèrè Tí Ẹ Ti Bi Ọmọ Kí Ẹ Tó Mú Un Dé Ọ̀dọ̀ Mi

Àwọn òbí tó ń wá bá mi láti Ṣágámù títí dé Ìjẹ̀bú-Igbó, ohun kan náà ni wọ́n sábà máa ń fẹ́: kí n wo ojú ọmọ, kí n sì sọ bóyá òótọ́ ló ń sọ. Mi ò lè ṣe é. Kò sí onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá (psychologist) bíi tèmi tó lè ṣe é, ẹni tó bá sì ní òun lè ṣe é, ẹ yáa sá fún un. Ọmọ tó ń wolẹ̀ nígbà tó ń sọ̀rọ̀ lè jẹ́ ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé ni. Ta ló ń ranjú mọ́ àgbà nílẹ̀ yìí? Àwòrán tó yà sínú ìwé kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n bi í ní ìbéèrè lọ́nà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò fi ní dàrú, kí n sì kọ ohun tí mo gbọ́ sílẹ̀ fún adájọ́. Èyí ló gba agbára jù nínú iṣẹ́ àwa tí à ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọ, ẹbí àti kóòtù. Òun náà ló sì máa ń ti bàjẹ́ nílé kí wọ́n tó mọ ọ̀nà ọ́fíìsì mi.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Ọmọ ọdún mẹ́fà dé láti ilé ìwé, ó ní òun ò lọ sí lẹ́sìnnì mọ́. Ìyá ẹ̀ ní, "Kí ni tíṣà yẹn ṣe fún ẹ?" Ọmọ dákẹ́. "Ṣé ó fọwọ́ kàn ẹ́ nídìí ni?" Ọmọ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá àgbà ti ọjà Òkè-Ajé dé, òun náà bi í. Àǹtí bi í, pásítọ̀ bi í, ọlọ́pàá bi í. Ìgbà tó bá máa fi kàn mí, ọmọ ti mọ ọ̀rọ̀ náà sórí, kò sì sẹ́ni tó lè yọ ohun tójú ẹ̀ rí kúrò nínú ohun tí wọ́n tì sí i lẹ́nu. Ó sì lè jẹ́ òótọ́ o! Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Tíṣà náà lè ṣe é lóòótọ́, kí lọ́yà rẹ̀ sì dìde ní kóòtù, kó béèrè pé àwọn àgbà mélòó ló ti kọ́ ọmọ yìí ní ohun tó ń wí.

A máa ń rò pé ọmọdé nìkan ni ìbéèrè ń ṣì lọ́nà. Lọ́dún 1974, Elizabeth Loftus àti John Palmer fi fíìmù ibi tí mọ́tò ti kọlu mọ́tò han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Amẹ́ríkà. Wọ́n bi àwọn kan pé báwo ni mọ́tò náà ṣe ń sáré tó nígbà tí wọ́n "kọlu" ara wọn, wọ́n bi àwọn mìíràn pé nígbà tí wọ́n "fọ́" ara wọn "yángá". Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n bi gbogbo wọn bóyá wọ́n rí gíláàsì tó fọ́. Kò sí gíláàsì kankan tó fọ́ nínú fíìmù náà. Nínú 50 tí wọ́n bi ní ti "yángá", 16 ní àwọn rí i; nínú 50 kejì, 7 péré. Àwọn tó ti gba ìwé ẹ̀rí sẹ́kọ́ńdírì nìyẹn o, ká má tíì sọ ọmọ tí ìyá ẹ̀ ń sunkún bi í léèrè.

California ni wọ́n ti fojú winá èyí jù. Ọdún 1983 ni ẹ̀sùn pé wọ́n ń fọwọ́ kan ọmọ nídìí bẹ̀rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan tó ń jẹ́ McMartin. Àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá àwọn ọmọ náà lẹ́nu ń yìn wọ́n bí wọ́n bá gbà, wọ́n ń tún ìbéèrè bi bí wọ́n bá ní rárá, títí àwọn ọmọ fi ń sọ̀rọ̀ ihò abẹ́ ilẹ̀. Ẹjọ́ náà wọ ọdún 1990, wọn ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Bí ọmọ kan bá wà láàrin wọn tí nǹkan ṣe lóòótọ́, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ náà bá a lọ.

Tiwa tún ní wàhálà tó ju tiwọn lọ, torí a kọ́ ọmọ pé kò gbọdọ̀ já àgbà nírọ́. Bí ọmọ ọdún mẹ́jọ bá jókòó tì mí, mo máa ń kọ́kọ́ sọ pé, "Mo gbọ́ pé ọmọ ọdún márùn-ún ni ẹ́." Ọ̀pọ̀ ló máa dáhùn pé "Yes ma," láìjanpata. Màá wá sọ fún un pé irọ́ ni mo pa yẹn, pé nínú yàrá yìí, bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, kó sọ fún mi. Bí kò bá mọ nǹkan, kó ní òun ò mọ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní nà án. A ó máa ṣe é títí yóò fi bá mi jiyàn lẹ́ẹ̀kan, kó sì rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni mo tó ní, "Sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi, láti ìbẹ̀rẹ̀." Lẹ́yìn ìyẹn, "Kí ló tún wá ṣẹlẹ̀?" ló kù. Inú ìlànà bíbi ọmọ léèrè tí wọ́n ń pè ní NICHD, tí Michael Lamb àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ni mo ti mú èyí. Ẹ̀kọ́ ilé Yorùbá ló jẹ́ kí n máa lo àkókò tó pọ̀ níbi àkọ́kọ́ yẹn.

Nítorí náà, bí ọmọ bá sọ nǹkan tó ká yín láyà, ẹ ní, "Sọ ọ́ fún mi," kí ẹ panu mọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an, bó jẹ́ Ìjẹ̀bú ló fi sọ ọ́, Ìjẹ̀bú náà ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ̀yin náà bi í. Ẹ má wẹ̀ ẹ́. Inú àpò bébà ni kí aṣọ ẹ̀ wà, kì í ṣe ọ̀rá. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn OOUTH ní Ṣágámù tàbí ilé ìwòsàn ìjọba tó bá sún mọ́ yín, torí oògùn tí kì í jẹ́ kí kòkòrò HIV ráyè gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé. Òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011, abala 209, ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 lè sọ tẹnu ẹ̀ láìbúra bí adájọ́ bá rí i pé ọgbọ́n rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ kóòtù kò lè torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹ̀rí mìíràn gbọ́dọ̀ tì í lẹ́yìn. Aṣọ yẹn àti ìwé dókítà lè jẹ́ ẹ̀rí náà.

Apá kejì iṣẹ́ mi ni ìjà lórí ọ̀dọ̀ ẹni tí ọmọ máa gbé. Ó máa ń pọ̀ lẹ́yìn Iléyá, tí gbogbo ayé bá wálé wá ṣe Ojúde Ọba, tí bàbá tó ń gbé Èkó bá rí ọmọ lọ́dọ̀ ìyá ìyàwó rẹ̀ àtijọ́, tó gbé e sọ́kọ̀, tó sì lọ. Tìyá tọmọ, kóòtù yá. Ẹni tó ṣe ìgbéyàwó ìbílẹ̀ á gba kóòtù kọ́kọ́-kọ́kọ́ lọ, ẹni tó ṣe ti kóòtù á gba High Court. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ, tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2003 tí Ìpínlẹ̀ Ògùn sì sọ di tiẹ̀ lọ́dún 2006, ní ire ọmọ ni kí adájọ́ kọ́kọ́ wò. Nítorí ẹ̀ ni mo fi ń rí bàbá, rí ìyá, rí ọmọ lóun nìkan, rí i pẹ̀lú ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, tí mo sì ń bá tíṣà rẹ̀ àti ìyá àgbà tó ń se ìkọ́kọrẹ́ fún un sọ̀rọ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ibí yìí la ti máa ń jà. Ẹni tó sanwó máa ń fẹ́ kí ìwé mi gbè é. Ìjẹ̀bú mọ owó ná, ó sì mọ ìgbà tí wọn ò fún un ní ohun tó rà! Mo ti máa ń sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní pé wákàtí mi ni wọ́n ń sanwó fún, kì í ṣe èrò mi, àti pé gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ fún mi lè bọ́ sí etí adájọ́. Bí mo bá ti ń tọ́jú ọmọ yín tẹ́lẹ̀, mi ò ní kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ń sọ àṣírí ẹ̀ fún mi ò gbọdọ̀ rí i ka ní kóòtù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí fíìmù Amẹ́ríkà ń pè wá síṣẹ́ yìí, ìwé kíkọ ló pọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe apànìyàn lílé. Ẹ̀kọ́ ìhùwàsí ẹ̀dá wà ní yunifásítì OOU ní Àgọ́-Ìwòyè, ọdún mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ni oyè kejì, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní Yunifásítì Ìbàdàn, àti ìkọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn bíi Àrò. Àwọn kan ṣì ń fi Àrò bú ara wọn, bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1954 ni Dókítà Lambo ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí aláìsàn gbé lábúlé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ níbẹ̀ dípò kí wọ́n tì í mọ́lé. Àwa kì í fúnni lóògùn. Dókítà ọpọlọ ló ń ṣe ìyẹn. Ìdánwò làákàyè tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ òkèèrè náà, kí ẹ fọwọ́ pẹ̀lẹ́ mú un: ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tí kò dá sìnóò, yìnyín òkèèrè, mọ̀ kì í ṣe òpè.

Ní ti ẹ̀yin òbí, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ mú ìwé àbájáde ìdánwò ọmọ, káàdì ilé ìwòsàn rẹ̀ àti ìwé tí kóòtù bá ti fún yín. Ẹ fi ọmọ fúnra ẹ̀ sílẹ̀ nílé.