Àwọn ilé-ìkàwé àti ibi ìpamọ́ ìmọ̀ ní Àjàṣẹ́

Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, ni olú-ìlú orílẹ̀-èdè Benin. Ibẹ̀ ni Ilé-Ìkàwé Àpapọ̀, Ilé Ìpamọ́ Ìwé Ìjọba, àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé mélòó kan, àti ilé-ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà. Ọ̀pọ̀ òwò àti ilé-iṣẹ́ ìjọba ti ṣí lọ sí Kùtọ́nù, ṣùgbọ́n àwọn ìwé kò bá wọn lọ. Títí di òní, ẹni tó bá fẹ́ wádìí ìtàn ilẹ̀ náà jinlẹ̀, Àjàṣẹ́ ni yóò yà sí.

Ìtàn

Láti ọdún 1900 ni àwọn Faransé ti fi Àjàṣẹ́ ṣe olú-ìlú Dàhómì, orúkọ tí wọ́n ń pe Benin nígbà náà, ìyẹn nígbà ayé Ọba Toffa, tó wà lórí oyè títí di ọdún 1908. Bí gómìnà ṣe wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́tà, àkọsílẹ̀ ẹjọ́ àti ìwé owó-orí ń kóra jọ. Àṣẹ tó dá ibi ìpamọ́ ìwé ìjọba sílẹ̀ jáde ní ọdún 1914.

Ilé-iṣẹ́ ìwádìí IFAN, tí àwọn Faransé dá sílẹ̀ ní Dakar, ní ẹ̀ka kan ní Àjàṣẹ́ fún Dàhómì. Alexandre Sènou Adandé wà lára àwọn ọmọ ilẹ̀ náà tó ṣiṣẹ́ fún IFAN, ó sì di mínísítà lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1948, ẹ̀ka ti Àjàṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé àtìgbàdégbà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ *Études dahoméennes*, tó sọ̀rọ̀ lórí èdè, ìtàn àti àṣà. Lẹ́yìn òmìnira ọdún 1960, ilé-iṣẹ́ ìwádìí IRAD ló gba iṣẹ́ náà. Ọdún 1975 ni wọ́n dá Ilé-Ìkàwé Àpapọ̀ sílẹ̀. Òun ni òfin yàn láti máa gba ẹ̀dà ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ ní orílẹ̀-èdè náà.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Adandé

Orúkọ Adandé ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà fún àṣà àwọn ènìyàn ilẹ̀ náà ń jẹ́. Ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà lára ohun tó wà níbẹ̀. Àwọn ará Kétu sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn ni eré yìí ti ṣẹ̀, UNESCO sì kéde rẹ̀ ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún aráyé. Ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan lè sọ púpọ̀ fún ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó. Wọ́n a máa tún un kùn kí wọ́n tó gbé e jáde lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí náà níbi tí ọ̀dà bá ti ṣí, a lè rí ọ̀dà àtijọ́ lábẹ́ tuntun. Àwọn ihò tí wọ́n lu sí etí rẹ̀ ń fi ibi tí wọ́n ti so aṣọ mọ́ ọn hàn. Ẹni tó bá fi omi fọ irú ère bẹ́ẹ̀ kó lè dán ti pa apá kan ìtàn rẹ̀ rẹ́.

Ìtọ́jú ìwé àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé

Ọ̀tá tó tóbi jù fún ibi ìpamọ́ èyíkéyìí ní Àjàṣẹ́ ni ọ̀rinrin. Ìlú náà wà létí ọ̀sà, ó sì ń ní àsìkò òjò méjì lọ́dún. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti kọjá ìdá 65 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìgbà pípẹ́, ìwé á bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Ikán àti aáyán náà kò gbẹ́yìn. Ohun tó ń dáàbò bo àwọn ìwé kì í ṣe ẹ̀rọ olówó gọbọi lásán: kí àpótí ìwé jìnnà sí ògiri, kó má jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí afẹ́fẹ́ máa kọjá, kí ẹnì kan sì máa yẹ̀ ẹ́ wò déédéé. Bí kòkòrò bá ti wọ ohun kan, a lè fi ọ̀rá dì í pinpin, kí a gbé e sínú ẹ̀rọ amú-nǹkan-dì tó tutù dé nǹkan bí ìwọ̀n 20 lábẹ́ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Irú ìmọ̀ yìí ni ICCROM, àjọ àgbáyé tó wà ní Róòmù, bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà láti ọdún 1986 nínú ètò PREMA. Láti inú ètò náà ni École du Patrimoine Africain (EPA), ilé-ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ti jáde ní Àjàṣẹ́ ní ọdún 1998, pẹ̀lú ọwọ́ yunifásítì Benin nínú rẹ̀. Alain Godonou ni ọ̀gá rẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé, Potogí àti Sípéènì ló wà fún. Mombasa ní Kẹ́ńyà ni wọ́n dá ti àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ sí.

Ìmọ̀ ẹ̀dá àti sáyẹ́ǹsì

Ọgbà ewéko kan wà nínú ìlú náà tó jẹ́ igbó òòṣà tẹ́lẹ̀, kí àwọn Faransé tó sọ ọ́ di ọgbà ìdánwò ohun ọ̀gbìn. Àwọn ìrókò ńlá ṣì wà níbẹ̀. Ní Wàǹdó, àdúgbò kan ní Àjàṣẹ́, ibùdó Songhaï, tí àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní ọdún 1985, ń kọ́ni ní iṣẹ́ àgbẹ̀ tí kò fi nǹkan kan ṣòfò: ìgbẹ́ ẹran ń di gáàsì, ìdin ń di oúnjẹ ẹja. Fún ẹ̀kọ́ ìṣirò àti físíìsì, ilé-ẹ̀kọ́ gíga IMSP, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, wà ní Dangbo, ìlú tí kò jìnnà.

Àwọn ohun tuntun

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilẹ̀ Faransé dá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 26 padà fún Benin, lára èyí tí àwọn ọmọ ogun Ọ̀gágun Dodds ti ilẹ̀ Faransé kó ní Àgbómè, ìlú àwọn ọba Dàhómì àtijọ́, ní ọdún 1892. Kùtọ́nù ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàfihàn wọn, ní ọdún 2022. Ìrìnàjò irú àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ṣeé tọ̀ láìsí ìwé: lẹ́tà àwọn ológun, ìwé àkọsílẹ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, àwòrán àtijọ́. Ìjọba tún ti dáwọ́ lé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá kan fún ẹ̀sìn Vodun ní Àjàṣẹ́.