Ta ló ní kẹ́ẹ ṣe MRI?

Ẹ má bínú sí mi lónìí o. Àárọ̀ yìí ni ìyá kan wọlé tọ̀ wá níbi tá a ti ń ya àwòrán inú ara ní Ìkòròdú níbí, kò mú bébà dókítà kankan dání, ó ní MRI, ẹ̀rọ tó ń fi òòfà ya àwòrán inú ara, lòun fẹ́, torí aládùúgbò òun sọ pé òun ló wọ́n jù. Ṣé ẹja la wá nà ní Ẹbúté ni?

Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń wá ọmọ, sikáànù lẹ máa kọ́kọ́ ṣe. Ìró ohùn ló ń lò, aláboyún gan-an ń ṣe é, ìju (fibroid) àti omi tó sé jọ níbi ẹyin máa hàn. Tó bá jẹ́ ti orí ikùn, ẹ mumi kí ìtọ̀ gbọ̀n yín. Tó bá jẹ́ ti ojú ara, ẹ lọ tọ̀ kẹ́ẹ tó wọlé. Tí ìju bá pọ̀, tí wọ́n fẹ́ mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kàn yín, dókítà á kọ MRI fúnra ẹ̀. Àwọn tó ń gbé tábìlì sí Sábó ńkọ́, tí wọ́n á ní kẹ́ẹ di irin kékeré mú, kọ̀ǹpútà á wá tẹ àìsàn yín jáde? Ọkùnrin kan gbé bébà tiẹ̀ wá bá mi, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé ọmọ ẹ̀ dọ̀tí!

HSG gan-an lẹ fi ń dá mi lágara. Òun ló ń fi hàn bóyá túùbù tí ẹyin ń gbà wọ ilé ọmọ là: a ó ti oògùn gba ojú ara wọ ilé ọmọ, a ó máa ya x-ray bó ṣe ń ṣàn. Nǹkan oṣù gbọ́dọ̀ ti dá, ẹyin ò sì gbọ́dọ̀ tíì já, bí ọjọ́ 7 sí 10, láti ọjọ́ tó BẸ̀RẸ̀ lẹ máa ti kà á, kì í ṣe ọjọ́ tó dá, mo ti sọ ọ́ títí ohùn mi há.

Lọ́dún tó kọjá, obìnrin kan wá láti Ìjẹ̀dé, ó ní ọjọ́ 8 ni, ó ti sanwó, ọkọ ẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Mo bi í pé báwo lẹ̀jẹ̀ yẹn ṣe wá, ó ní ó kàn kán díẹ̀ lọ́jọ́ kan péré ni. Mo ní ìyẹn lè má jẹ́ nǹkan oṣù, mi ò ṣe o, kó lọ ṣàyẹ̀wò oyún ná. Háà, ó bú mi, ó ní mo fẹ́ gba owó òun lẹ́ẹ̀mejì, ó ń bú mi lọ ó ń bú mi bọ̀ títí tó fi tọ̀ sínú ike. Ìlà méjì! Ọdún keje tó ti ń wá ọmọ nìyẹn. Ó kàn di nǹkan yẹn mú, kò lè sọ̀rọ̀, bàtà ẹ̀ kan ti bọ́ sílẹ̀, kò mọ̀.

Mo dá owó HSG padà fún wọn. Ọkọ ẹ̀ ò tiẹ̀ kà á.