Jíà Ọ̀kadà Tí Kò Wọlé: Ohun Tó Yẹ Ní Wíwò Kí Wọ́n Tó Tú Ẹ́ńjìnnì

Ọ̀kadà tó ń gbé èrò gun Òkè-Ìtasẹ̀ n'Ífẹ̀, tàbí èyí tó ń gbé àpò kòkó bọ̀ láti ọ̀nà Ifẹ̀tẹ̀dó, àìmọye ìgbà ni wọ́n ń tẹ jíà rẹ̀ lójúmọ́. Lọ́jọ́ tí jíà bá kọ̀ tí kò wọlé, ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń jáde ní ṣọ́ọ̀bù ni pé jíà ti bàjẹ́, àfi kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Wáyà kílọ́ọ̀ṣì, ọ́ìlì àti irin ìtẹjíà tó wà níta ló ń fa púpọ̀ nínú wàhálà yìí, owó àtúnṣe wọn ò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó títú ẹ́ńjìnnì.

Nínú ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tí a ń gùn nígboro, ọ́ìlì kan náà ni ẹ́ńjìnnì, jíà àti kílọ́ọ̀ṣì ń mu. Kílọ́ọ̀ṣì jẹ́ pléètì tẹ́ẹ́rẹ́ mélòó kan tí wọ́n tò léra, tí sípíríǹgì dì mọ́ra. Bí a bá fa ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì, wáyà á fà, àwọn pléètì á tú díẹ̀ kúrò lára ara wọn, agbára ẹ́ńjìnnì ò sì ní dé ọ̀dọ̀ jíà mọ́. Ìgbà yẹn ni ẹsẹ̀ máa tẹ irin ìtẹjíà. Irin yìí ń yí ọ̀pá róbótó kan tí wọ́n gbẹ́ kòtò wíwọ́ sí lára. Fọ́ọ̀kì jíà ti ki ẹsẹ̀ bọ inú kòtò yẹn, bí ọ̀pá bá sì ti ń yí ni fọ́ọ̀kì ń ti jíà kan lọ bá èkejì. Eyín kúkúrú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà náà tó gbọ́dọ̀ wọ ihò ara ìkejì rẹ̀ pátápátá. Bí agbára ẹ́ńjìnnì bá ṣì ń wọlé nígbà tí eyín ń wá ihò, wọ́n á máa ha ara wọn. Ariwo tí a ń gbọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ nìyẹn.

Nítorí náà, kílọ́ọ̀ṣì ni a kọ́kọ́ ń dán wò. Kí a pa ẹ́ńjìnnì, kí a gbé ọ̀kadà sórí sítáǹdì ẹlẹ́sẹ̀ méjì, kí a máa fi ọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn bí a ṣe ń tẹ jíà láti fírì dé èyí tó kẹ́yìn. Bí gbogbo rẹ̀ bá wọlé báyìí, ṣùgbọ́n tí wọ́n kọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó ṣeé ṣe gan-an pé kílọ́ọ̀ṣì ni kò tú tán. Àmì rẹ̀ mìíràn ni pé a fa kílọ́ọ̀ṣì dé ìdí ní ìkòríta Lágéré, ọ̀kadà ṣì ń fẹ́ rọra lọ, a sì ń wá fírì títí, kò yọjú àfìgbà tí a pa ẹ́ńjìnnì.

Ìdí ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì, níbi tí wáyà ti wọlé, ni kí ojú kọ́kọ́ lọ. Lórí ọ̀pọ̀ ọ̀kadà, àyè bíi mìlímítà 2 sí 3 ló yẹ kó wà níbẹ̀ kí wáyà tó bẹ̀rẹ̀ sí í le. Bí ó bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, wáyà ti nà. A máa ń yí nọ́ọ̀tì ìfàwáyà títí yóò fi padà sí ààyè rẹ̀. Bí kò bá sì sí àyè rárá, pléètì ò ní di ara wọn mú dáadáa. Ẹ́ńjìnnì á máa pariwo lórí òkè, ọ̀kadà ò ní lọ, pléètì á sì jó. Ẹ jẹ́ kí a yọ orí wáyà náà wò. Bí okùn rẹ̀ kan tàbí méjì bá ti já, tó yọ ṣóńṣó bí ọwọ̀ tó ń tú, kí a pààrọ̀ rẹ̀ kó tó já sójú ọ̀nà.

Ọ́ìlì ló kàn. 20W-50, nọ́ńbà tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó, ni ọ̀pọ̀ ọ̀kadà wọ̀nyí ń mu, ṣùgbọ́n ìwé ìtọ́ni tó bá ọ̀kadà wá ló ni àṣẹ. Àwọn ọ́ìlì mọ́tò kan ní èròjà ìmúyọ̀ tó ń jẹ́ kí pléètì kílọ́ọ̀ṣì máa yọ̀; ọ́ìlì tó bá irú kílọ́ọ̀ṣì ọ̀kadà yìí mu máa ń ní àmì JASO MA lára ike rẹ̀. Bí wọ́n bá ń da ọ́ìlì àtijọ́ nù, kí a fara balẹ̀ wo ohun tó sùn sí ìsàlẹ̀ abọ́. Ìyẹ̀fun irin tó kúnná díẹ̀ kì í ṣe tuntun. Èérún irin tó ṣeé fi ọwọ́ mú ni ká bẹ̀rù, nítorí ó lè jẹ́ eyín jíà ló ṣẹ́.

Irin ìtẹjíà náà ní ẹ̀jọ́ tirẹ̀. Bí ọ̀kadà bá ti ṣubú, irin náà lè tẹ̀, kó máa kan ara ẹ́ńjìnnì kí ẹsẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́ dé ìdí. Bí ìlà inú ihò rẹ̀ bá sì ti jẹ, yóò máa yí lásán lórí ọ̀pá kékeré tó yọ síta tí wọ́n fi í sí. Ó ń dunni láti rí bí wọ́n ṣe ń gbé irú èyí lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kó jó irin náà mọ́ ọ̀pá. Iná wẹ́dà lè yọ́ rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì lẹ́yìn ọ̀pá náà, ọjọ́ tí a bá sì fẹ́ ṣí ọmọrí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, àfi kí wọ́n gé irin náà. Irin tuntun ló yẹ kí a rà.

Ẹ̀gbẹ́ inú ọmọrí kílọ́ọ̀ṣì ni sípíríǹgì tó ń dá irin ìtẹjíà padà sábà máa ń wà. Bí ó bá já, ẹsẹ̀ á tẹ irin, irin ò ní padà wá. Ọmọrí yẹn nìkan ló tó láti ṣí fún un.

Èyí tó ń béèrè títú ẹ́ńjìnnì gan-an ni jíà tó ń já bọ́: a wà ní jíà kejì, ẹrù wà lẹ́yìn, ó kàn fò sí fírì lójijì. Síbẹ̀, bí ó bá jẹ́ sípíríǹgì tó ń di ọ̀pá róbótó mú ló rọ̀, iṣẹ́ lè mọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, orí eyín jíà ti jẹ di róbótó tàbí fọ́ọ̀kì ti tẹ̀. Títẹ jíà láìfa kílọ́ọ̀ṣì àti gbígbé ẹsẹ̀ lé irin ìtẹjíà bí a ṣe ń lọ ló ń tètè fà á. Bí wọ́n bá ti tú u, kí ọlọ́kadà ní kí wọ́n fi fọ́ọ̀kì han òun: ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì tó ti dúdú bí aró, tàbí tí apá kan rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ ju ìkejì lọ, kò gbọdọ̀ padà wọlé, àti jíà tó ń bá a rìn ni kí wọ́n yẹ̀ wò kí wọ́n tó dé e.