Bí Ilé Ìwòsàn Tí A Kì Í Dá Ọjọ́ Sí Ṣe Ń Dáàbò Bo Aláìsàn

Irú ilé ìwòsàn kan wà tí ènìyàn kò ní láti bá dókítà dá ọjọ́ kí ó tó lọ síbẹ̀: ẹni tí ara rẹ̀ kò yá yóò wọlé, yóò sọ orúkọ rẹ̀, yóò sì jókòó de ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀. Inú ìrọ̀rùn yìí gan-an ni ewu rẹ̀ wà. Àwọn òṣìṣẹ́ kò mọ̀ ọ́n rí, wọn kò mọ òògùn tó ń lò nílé, wọn kò sì mọ̀ bóyá ara rẹ̀ kì í gba pẹnisílínì; bí ó bá sì ti jáde, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má tún fojú kàn án mọ́. Púpọ̀ nínú ohun tí a ń ṣe láti mú irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ dára sí i kò ju pé kí a dí àlàfo méjì wọ̀nyí lọ, ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí aláìsàn ń wọlé, èkejì nígbà tí ó ń jáde.

Ẹnu ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹni tó kọ́kọ́ dé kọ́kọ́ rí dókítà dà bí òdodo, ṣùgbọ́n ó lè pa ènìyàn. Ọkùnrin kan lè jókòó sí igun yàrá, kí ó máa nu òógùn ojú, kí ó ní inú ló kàn ń ta òun díẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ kò dé dáadáa mọ́. Nítorí èyí, nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ gbọdọ̀ yẹ gbogbo ẹni tó bá wọlé wò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ìgbóná ara, bí ọkàn ṣe ń lù àti iye ìgbà tí ó ń mí, kí ó sì fi ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi há ìka mọ bí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀rọ ìka yìí ní àléébù tirẹ̀: ó lè pe iye ọ́síjìn ju bí ó ṣe rí lọ lára ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dà èékánná àti ìka tó tutù lè ṣì í lọ́nà.

Èémí ni a máa ń fojú di jù nínú wọn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó wà lára ohun tó máa ń tètè yí padà bí ara bá ń dà rú. Àgbàlagbà tí kò ṣe wàhálà kankan sábà máa ń mí ní ìgbà 12 sí 20 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá mí tó ìgbà 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò gbọdọ̀ padà sórí ìlà. Nọ́ọ̀sì tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í sọ pé òun fẹ́ ka èémí, nítorí ẹni tó bá mọ̀ yóò yí bí ó ṣe ń mí padà. Yóò di ọrùn ọwọ́ aláìsàn mú bí ẹni tó ṣì ń ka ìlù ọkàn, yóò gbójú sí àyà rẹ̀, yóò sì máa wo aago ara ògiri títí ìṣẹ́jú kan yóò fi pé. Àwọn tó ń dúró pẹ́ náà ni a gbọdọ̀ tún yẹ̀ wò, torí ẹni tí ara rẹ̀ dúró dáadáa ní aago mẹ́sàn-án lè ti yàtọ̀ nígbà tí aago mọ́kànlá bá lù.

A kì í bi aláìsàn pé, “Ṣé ẹ̀yin ni lágbájá?” Ẹni tí ibà ń ṣe tàbí tí kò gbọ́ràn dáadáa lè mi orí sí orúkọ ẹlòmíràn. “Kí ni orúkọ yín ní kíkún, ọjọ́ wo ni wọ́n sì bí yín?” ni ìbéèrè tó tọ́, kí a tó fún un ní abẹ́rẹ́ tàbí gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ọwọ́ kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1847, dókítà Ignaz Semmelweis mú kí àwọn dókítà ilé ìgbẹ̀bí kan ní Vienna máa fi omi kílórínì fọ ọwọ́, ikú àwọn ìyálọ́mọ níbẹ̀ sì já wálẹ̀ gidigidi. Lónìí, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ìgbà márùn-ún tí ó yẹ kí ọwọ́ mọ́; ọ̀kan tí a máa ń gbàgbé nínú wọn ni lẹ́yìn tí a bá fọwọ́ kan àwọn ohun tó wà láyìíká aláìsàn, bí ibùsùn tàbí àga, láìfọwọ́ kan aláìsàn fúnra rẹ̀.

Èyí tó ṣòro jù ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí aláìsàn bá ti lọ. Èsì àyẹ̀wò lè dé lẹ́yìn ọjọ́ méjì, kí dókítà tó ní kí a ṣe é má sí lẹ́nu iṣẹ́, kí ìwé náà sì wọ inú fáìlì láìsí ẹni tó kà á. Ìwé àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo ló ń dí ihò yìí: orúkọ, nọ́ńbà fóònù tí a ti kà padà sí aláìsàn létí, ọjọ́ tí èsì yẹ kó dé, ẹni tó gbà á, àti ọjọ́ tí a sọ fún aláìsàn. Ẹnì kan tí a mọ̀ gbọdọ̀ máa wò ó lójoojúmọ́, kí ó sì wá ìdí tí àyè kan fi ṣófo. Kò dára rárá kí a wí fún aláìsàn pé bí a kò bá pè é, kò sí nǹkan, nítorí ó lè jẹ́ pé èsì náà ló sọnù.

Bí àṣìṣe bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ tí a sì tètè rí i, ó yẹ kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Bí a bá gbé ìgò òògùn méjì tó jọra sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí nọ́ọ̀sì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú èyí tí kì í ṣe, ìbéèrè tó wúlò ni ohun tó jẹ́ kí ó ṣeé ṣe, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ ṣe é. Ibi tí a bá ti ń fìyà jẹ ẹni tó sọ òótọ́, ìròyìn yóò dẹ́kun, ewu kò ní dẹ́kun.

Ní ti àtúnṣe fúnra rẹ̀, ohun kékeré kan ni a ń dán wò, nínú yàrá kan, fún ọjọ́ díẹ̀, kí a tó mú un lò káàkiri. Ẹni tó ń bójú tó o lè ṣa káàdì aláìsàn 20 lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan láìyan èyí tó wù ú, kí ó ka iye èyí tí a kọ èémí sí. Bí iye náà bá já láti 18 sí 9, kí ó lọ bi àwọn tó wà níbi iṣẹ́ kí ó tó bínú. Ó lè jẹ́ pé aago ara ògiri ti kú láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tí kò sì sẹ́ni tó pààrọ̀ bátìrì rẹ̀.