Press-up ọlọ́wọ́ kan: iṣẹ́ tí àtẹ̀gùn ilé ń ṣe níbẹ̀

Ní Abẹ́òkúta, ọ̀pọ̀ ilé tó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ló jẹ́ pé àtẹ̀gùn ni a fi ń gòkè dé ẹnu ọ̀nà wọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ press-up ọlọ́wọ́ kan ṣe kò nílò irinṣẹ́ mìíràn ju irú àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ó ń ṣe ohun tí ilẹ̀ pẹrẹsẹ kò lè ṣe: ó ń wọn ẹrù fún apá, ó sì ń fi díẹ̀díẹ̀ kún un.

Nínú press-up tí gbogbo ènìyàn mọ̀, kì í ṣe gbogbo ìwúwo ara ni ọwọ́ ń gbé. Ẹsẹ̀ náà ń gbé tirẹ̀. Ìpín ti ọwọ́ jẹ́ nǹkan bí 64 nínú ọgọ́rùn-ún. Fún ẹni tó wọn kílò 72, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí kílò 46, tí apá kọ̀ọ̀kan sì ń gba 23. Bí ó bá ká ọwọ́ kan sẹ́yìn, orí apá kan ṣoṣo ni kílò 46 náà yóò wà, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí àpò sìmẹ́ǹtì kan. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń ṣe press-up 50 láìsinmi fi lè fi àyà balẹ̀ gbì nígbà àkọ́kọ́ tó bá dán an wò. Ìfaradà ni 50 yẹn ń kọ́ni. Agbára láti gbé ẹrù ńlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yàtọ̀ sí i.

Bí ọwọ́ bá wà lórí ohun tó fi sẹ̀ǹtímítà 30 ga ju ibi tí ẹsẹ̀ wà lọ, ìpín rẹ̀ á dín kù sí nǹkan bí 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá fi 60 ga jù ú lọ, á di nǹkan bí 41. Ká ní ìpele kọ̀ọ̀kan àtẹ̀gùn náà ga ní sẹ̀ǹtímítà 15, a jẹ́ pé lórí ìpele kẹrin, apá kan ṣoṣo oníkílò 72 yìí yóò gbé nǹkan bí kílò 30, tí kò fi ju 7 lọ lé èyí tó ti mọ́ ọn lára. Lórí ìpele kejì, yóò di 40. Nígbà tó bá lè ṣe márùn-ún lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú apá ọ̀tún àti ti òsì, tí ara kò sì wọ́, ó tó àkókò láti sọ̀ kalẹ̀ ní ìpele kan. Apá tí kò lágbára tó èkejì ni kó máa ṣáájú, iye tí ó bá sì ṣe ni èkejì náà yóò ṣe.

Àmọ́ kì í ṣe apá ló ń kọ́kọ́ dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró. Ìbàdí ni. Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ààrò náà bá fẹ̀ síra ni ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ òótọ́. Ọwọ́ kan àti ẹsẹ̀ méjì ni ààrò mẹ́ta tí ara dúró lé níhìn-ín. Bí ẹsẹ̀ bá pa pọ̀, wọ́n ti di ọ̀kan, ẹ̀gbẹ́ tí kò lọ́wọ́ á sì máa rì. Nítorí náà ni a ṣe ń ya ẹsẹ̀ kọjá fífẹ̀ èjìká, tí a ń fi ọwọ́ sí abẹ́ àyà, tí a sì ń jẹ́ kí ìgbọ̀nwọ́ sún mọ́ ìhà. Kí ara tó sọ̀ kalẹ̀, èémí ní láti wọlé, kí ikùn sì le bí ti ẹni tí wọ́n fẹ́ gbá lẹ́ṣẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá ti ń ṣe é lórí ilẹ̀ lè ní kí wọ́n gbé ọ̀rá píọ̀wọ́tà kan lé òun ní ìbàdí: bí ọ̀rá náà bá já bọ́, ara ti yí, èyí tí ó ṣe yẹn kò sì yẹ ní kíkà.

Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ tó, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta láàárín márùn-ún kan sí òmíràn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọpọlọ ló ń kọ́ bí yóò ṣe pe ọ̀pọ̀ iṣan sí iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ara tó ti rẹ̀ kì í sì í kọ́ ẹ̀kọ́ náà dáadáa. Iṣan tún lágbára nígbà tó bá ń sọ ẹrù kalẹ̀ ju ìgbà tó bá ń gbé e sókè lọ. Lórí ìpele tí kò tíì ṣeé tì, ènìyàn lè fi ọwọ́ kan sọ̀ kalẹ̀ títí a ó fi ka márùn-ún, kó sì fi ọwọ́ méjèèjì dìde.

Àwọn okùn tó so iṣan mọ́ egungun kì í yára bí iṣan fúnra rẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ kò pọ̀. Iṣan lè ti gbára dì láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Okùn á gba oṣù. Ibí yìí ni àwọn alágbára tó ń kánjú ti ń kọsẹ̀. Bí inú ìgbọ̀nwọ́ tàbí iwájú èjìká bá ń dunni títí di ọjọ́ kejì, ìpele méjì ni kí a gùn padà sókè.

Pull-up ọlọ́wọ́ kan, ìyẹn kí a fi ọwọ́ kan rọ̀ mọ́ irin kí a sì fa ara sókè, le ju èyí lọ, nítorí kò sí ẹsẹ̀ tí yóò bá ọwọ́ gbé e: gbogbo kílò 72 ló ń fa apá náà, ọ̀pọ̀ ló sì ń gbà ní ọdún púpọ̀. Níbẹ̀, táwẹ̀lì ló ń ṣe iṣẹ́ àtẹ̀gùn. A ó fi í kọ́ irin tí kò lè mì, ọwọ́ kan á di irin mú, èkejì á di táwẹ̀lì. Bí ọwọ́ tó di táwẹ̀lì bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ ń dín kù. Ìgbọ̀nwọ́ ló ń jìyà jù nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó.