Ìsàba àparò: ohun tí ọ̀rọ̀ covey ń wí

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé lọ́dún yìí tí mo máa ka ìtumọ̀ tí wọ́n ti kọ "agbo àparò" síbi tí òyìnbó ti kọ covey, orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn àparò tó ń gbé pọ̀. Ó ń bí mi nínú. Àgùntàn ló ń lágbo. Ẹlòmíràn ní "ọ̀wọ́". Ìyẹn sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n màlúù ní ọ̀wọ́, ọkọ̀ tó ń tẹ̀lé gómìnà náà ní ọ̀wọ́. Ọ̀wọ́ ò sọ ohun tó so wọ́n pọ̀. Èyí tó burú jù ni ti àwọn tó ní ká kúkú fi ohùn Yorùbá pè é, ká ní "kọ́fì". Ta ni yóò gbọ́ "kọ́fì àparò" tí ọkàn rẹ̀ ò ní lọ sórí ife àti ṣúgà?

Ìsàba ni mo ń pè é.

Ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ni Gẹ̀ẹ́sì ti mú ọ̀rọ̀ yìí. Covee ni wọ́n ń kọ ọ́ láyé àtijọ́, ó ti di couvée lóde òní, ara ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ pé ẹyẹ sàba lé ẹyin ni wọ́n sì ti fà á yọ. Nínú ìwé ọdẹ kan tí wọ́n tẹ̀ ní St Albans ní 1486, covey ti wà lára orúkọ tí wọ́n tò fún ẹyẹ àti ẹranko, àparò ni wọ́n sì fún. Ọ̀pọ̀ orúkọ inú ìwé yẹn, àpárá ni. Ti àparò ní ìdí.

Ẹ da àgbàdo sí àgbàlá láàárọ̀, gbogbo adìẹ àdúgbò á sáré dé: ti ìyálé, ti ará ẹ̀yìnkùlé, àkùkọ tí a ò mọ olówó rẹ̀. Ẹ pe ìyẹn ní ọ̀wọ́, n ò bá yín jà. Tó bá dalẹ́, ẹ ṣí agbọ̀n tí ẹ fi bo àgbébọ̀ mọ́lẹ̀, ẹ óò bá òròmọdìẹ mẹ́sàn-án tó pa lọ́jọ́ kan náà lábẹ́ apá rẹ̀. Ìyẹn gan-an ni covey.

Àparò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè yé ẹyin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Takọtabo ló ń kó àwọn ọmọ náà kiri, wọn kì í sì í tú ká títí òtútù fi fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, tí kálukú á wá ẹnì kejì rẹ̀. (Àparò tiwọn àti tiwa yàtọ̀ díẹ̀, ìyẹn ò kan ọ̀rọ̀ yìí.) Àgbà tí ẹyin tirẹ̀ bàjẹ́ a máa bá wọn gbé, ṣùgbọ́n àlejò ò yí orúkọ ilé padà. Ní Amẹ́ríkà, covey náà ni wọ́n ń pe ti bobwhite, ẹyẹ ibẹ̀ kan tó jọ àparò. Sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń sùn, ní òbìrìkìtì: ìrù kan ìrù láàárín, gbogbo orí kọjú síta. Bí nǹkan bá dẹ́rù bà wọ́n, kálukú á gba ibi tí ojú rẹ̀ kọ sí fò lọ, lẹ́yìn náà wọ́n á máa súfèé pe ara wọn títí wọn ó fi pé.

Àwọn kan ń sọ pé ìsàba, iṣẹ́ tí ẹyẹ ń ṣe lórí ẹyin ni, kò lè jẹ́ orúkọ àwọn ọmọ. Kí wá ni ìbejì? Ṣebí bíbí èjì ni. Tí a bá bi ìyá pé ta ló ń sunkún ní yàrá, tó ní àwọn ìbejì ni, ta ló jẹ́ sọ fún un pé ìbí kì í sunkún?